Ta Ni Ó Ń Lé Ẹni Tí Ń Sáré Nínú Ẹ̀gún?

Àwọn baba wa, tí wọ́n ti fi ojú inú wo ayé yìí jinlẹ̀ kí àwa tó dé inú rẹ̀, sọ pé ènìyàn kì í déédéé sáré nínú ẹ̀gún. Bí kò bá lé ejò, ejò ní ń lé e. Ìrònú tí ó jinlẹ̀ wà nínú òwe yìí, nítorí ohun tí ó fi yé wa ni pé kò sí ìnira kan tí ọmọ adáríhurun ń fi ara gbà tí kò ní ìdí, àti pé ẹni tí ó bá rí ọmọnìkejì rẹ̀ tí ń fi ẹsẹ̀ méjèèjì tẹ ẹ̀gún ní ẹ̀tọ́ láti béèrè ìdí náà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ti yí òwe náà sí ọ̀tún, mo ti yí i sí òsì, láti ìgbà tí mo ti ń gbé ní Johannesburg, níbi tí mo ti ń rí àwọn ọkùnrin àti àwọn obìnrin tí ebi kò pa, tí ogun kò sí lẹ́yìn wọn, tí gbèsè kò sì lé kúrò nílé, síbẹ̀ tí wọ́n ń jí ní ìdájí nígbà tí òtútù oṣù Kẹfà ṣì le, tí wọ́n ń gun kẹ̀kẹ́ gba àwọn òkè Cradle of Humankind kọjá, tí wọ́n ń sáré yí Delta Park ká, tí wọ́n sì ń ti ara wọn bọ inú omi, nítorí pé wọ́n ti fi orúkọ sílẹ̀ fún ìdíje tí à ń pè ní triathlon, èyí tí ènìyàn yóò ti lúwẹ̀ẹ́, tí yóò gun kẹ̀kẹ́, tí yóò sì tún sáré, gbogbo rẹ̀ lọ́jọ́ kan náà láìsinmi. Èmi pẹ̀lú ti dara pọ̀ mọ́ wọn gẹ́gẹ́ bí ọ̀gbẹ̀rì. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n ìyá mi ní Ìjẹ̀bú-Igbó gbọ́ ọ lórí tẹlifóònù, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ bi mí ni pé, “Ọmọ mi, ta ni ó ń lé ọ? Ṣé kò sí mọ́tò ní ìlú tí o wà ni?”

Àgbàlagbà kì í béèrè irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ lásán, n kò sì fẹ́ fi ẹ̀rín dá wọn lóhùn. Ṣé ó tọ́ kí ènìyàn tí Ọlọ́run dá sí fi ọwọ́ ara rẹ̀ fa ìnira tí ó lè yẹra fún? Ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké, lóòótọ́. Ṣùgbọ́n oyin wo ni ó wà nínú àpáta yìí?

Ó yẹ kí ẹni tí kò tíì rí irú ìdíje yìí rí kọ́kọ́ mọ bí ó ti jẹ́. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1974 ni ẹgbẹ́ àwọn asáré kan ní San Diego, ní Amẹ́ríkà, dá a sílẹ̀ ní Mission Bay. Ní ọdún 1978, John Collins, ọ̀gá kan nínú àwọn ọmọ ogun ojú omi, àti Judy aya rẹ̀, gbé èyí tí ó le ju ti ìṣáájú lọ kalẹ̀ ní Hawaii: ìlúwẹ̀ẹ́ tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kìlómítà mẹ́rin, kẹ̀kẹ́ gígùn fún 180 kìlómítà, èyí tí ó ju ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn lọ, lẹ́yìn náà eré ẹsẹ̀ fún kìlómítà 42 àti díẹ̀. Àwọn 15 ni ó bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ náà, àwọn 12 sì parí rẹ̀. Ní ọdún 2000 ni triathlon wọ inú Olympics ní Sydney, ní ọdún 2016 sì ni Henri Schoeman, ọmọ bíbí Vereeniging tí ó wà ní ìhà gúúsù Johannesburg, gba ipò kẹta ní Rio de Janeiro. Ti àwa ọ̀gbẹ̀rì kò tó bẹ́ẹ̀: mítà 750 nínú omi, 20 kìlómítà lórí kẹ̀kẹ́, kìlómítà márùn-ún lórí ẹsẹ̀. Ẹni tí kò bá tíì gbìyànjú rẹ̀ ni yóò pè é ní kékeré.

Johannesburg kì í gba ọ̀gbẹ̀rì tọwọ́tẹsẹ̀. Orí òkè ni ìlú náà wà, ó ga ju ojú òkun lọ ní nǹkan bí 1,750 mítà, atẹ́gùn ibẹ̀ sì fúyẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi dín sí ti Èkó ní ohun tí ó súnmọ́ ìdá kan nínú márùn-ún. Àlejò tí ó bá ti etí òkun dé, tí ó sì bẹ̀rẹ̀ sí sáré ní ọjọ́ kejì, àyà rẹ̀ yóò máa lù kìkì, èémí rẹ̀ yóò sì máa já, bí ó tilẹ̀ jẹ́ akọni ní ìlú tirẹ̀. Ìbínú kò ràn án, ìgbéraga kò sì wúlò níbẹ̀. Ara fúnra rẹ̀ ni yóò mọ̀ pé afẹ́fẹ́ kò tó. Kíndìnrín yóò ránṣẹ́ sí mùdùnmúdùn inú egungun pé kí ó pèsè ẹ̀jẹ̀ pupa kún èyí tí ó wà, iṣẹ́ náà yóò sì gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan ní ìkọ̀kọ̀, ní àkókò tí ẹni náà ń sùn, tí ó ń jẹun, tí ó sì ń rìn lọ síbi iṣẹ́ rẹ̀. Ohun tí ó kù fún olúwarẹ̀ kò ju pé kí ó máa sáré pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kí ó sì gbà pé ohun tí ó wà nínú òun ń ṣiṣẹ́ tí òun kò lè pàṣẹ fún. Mo ka èyí sí ẹ̀kọ́ ìsìn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí àlùfáà kankan níbẹ̀ tí ó wàásù rẹ̀.

Omi ni ẹ̀rù rẹ̀ ń bà wá jù. Wúrà tí a rí ní oko Langlaagte ní ọdún 1886 ni ó kó ènìyàn jọ sí orí òkè tí kò sí létí òkun, tí kò sì sí létí odò ńlá kankan, tí ó fi jẹ́ pé títí di òní olónìí, láti odò Vaal àti láti àwọn òkè Lesotho ni a ti ń fa omi tí ìlú náà ń mu. Nítorí náà inú adágún ìlúwẹ̀ẹ́ ti ìjọba, bí èyí tí ó wà ní Ellis Park àti ní Zoo Lake, ni púpọ̀ nínú wa ti ń kọ́ ọ̀nà omi ní àkókò ooru. Èémí ni olùkọ́ ń fi bẹ̀rẹ̀, kí ó tó kan apá tàbí ẹsẹ̀: kí a ki ojú bọ omi, kí a máa tú èémí jáde díẹ̀díẹ̀ sínú rẹ̀, kí a sì yí ojú sí ẹ̀gbẹ́ láti fa òmíràn. Ẹni tí ó bá di èémí sínú, àárẹ̀ yóò mú un kí ó tó dé ìdajì. Ẹni tí ẹ̀rù bá mú kí ó na orí sókè, ìbàdí rẹ̀ ni yóò máa rì. Ẹni tí ó bá sì ń bá omi jà, omi yóò jẹ́ kí ó jà títí agbára rẹ̀ yóò fi tán. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko. Àwọn baba wa tí wọ́n fi odò fún Yemọja, yèyé ọmọ ẹja, kì í wọ odò láìkí ìyá náà, ó sì hàn sí mi báyìí pé, yàtọ̀ sí ìsìn, ọgbọ́n ìlúwẹ̀ẹ́ wà nínú ìkíni yẹn, nítorí pé ẹni tí ó bá dúró kí omi kí ó tó wọ̀ ọ́ ti mí kanlẹ̀ ná.

Ti kẹ̀kẹ́ kò le tó bẹ́ẹ̀ fún ẹni tí ó ti gùn ún ní kékeré nílé. Ohun tí ó gba ìṣọ́ra ni àwọn tákísí akérò tí kì í dúró de ẹnikẹ́ni, àti àrá, nítorí pé ní oṣù Kọkànlá sí oṣù Kejì, Olúkòso ń sán lórí àwọn òkè wọ̀nyí ní ọ̀sán lemọ́lemọ́, ọlọ́gbọ́n a sì ti gun tirẹ̀ tán ní òwúrọ̀ kùtù. Ohun tí ó yà mí lẹ́nu ni èyí tí ó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ènìyàn bá sọ̀ kalẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́ tí ó sì fẹ́ sáré: ẹsẹ̀ kọ̀, wọ́n wúwo, wọn kò dá orí lóhùn mọ́, orí sì ń pàṣẹ lásán. Èyí kò ṣe àjèjì sí ẹni tí ó bá mọ Ifá. Nínú ẹsẹ kan, Ifá sọ fún wa pé gbogbo Orí péjọ láti gbìmọ̀, wọn kò sì pe Ẹsẹ̀ sí i, ìmọ̀ràn wọn kò sì lè ṣẹ, nítorí pé kò sí ẹni tí yóò gbé e dé ibi tí yóò ti di òtítọ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa sọ̀rọ̀ bí ẹni pé àwa Yorùbá gbà pé orí ni gbogbo rẹ̀, pé ohun tí a ti kúnlẹ̀ yàn ni a ń wá sáyé wá jẹ. Ẹni tí ó bá rántí ẹsẹ Ifá yìí yóò mọ̀ pé àwọn baba wa kò fi ọ̀rọ̀ náà sí bẹ́ẹ̀. Wọ́n fi àyè sílẹ̀ fún ìmúra.

Síbẹ̀ ìbéèrè ẹ̀gbọ́n ìyá mi kò tíì kúrò nílẹ̀, ó sì wúwo ní Johannesburg ju bí ó ti wúwo ní ibòmíràn lọ, nítorí ìdí kan tí kò yẹ kí ẹnikẹ́ni tí ń gbé ibẹ̀ gbàgbé. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1957, nígbà tí a fi pẹ́nì kan kún owó bọ́ọ̀sì láti Alexandra sí àárín ìlú, tí pẹ́nì mẹ́rin di márùn-ún, àwọn ará Alexandra kọ̀, wọn kò wọ bọ́ọ̀sì mọ́. Fún nǹkan bí oṣù mẹ́ta, ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn, lọ́mọdé lágbà, ń fi ẹsẹ̀ rin nǹkan bí máìlì mẹ́sàn-án lọ síbi iṣẹ́ ní òwúrọ̀, wọ́n sì ń fi ẹsẹ̀ kan náà padà ní alẹ́, nínú òjò àti nínú oòrùn, tí àwọn ọlọ́pàá ń dá wọn dúró lọ́nà láti béèrè ìwé ìrìnnà. Kò sí ẹni tí ó dúró sí ìparí ọ̀nà láti fi àmì-ẹ̀yẹ kọ́ wọn lọ́rùn. Àwọn wọ̀nyí ni ejò ń lé. Ọ̀nà tí wọ́n rìn ni èmi ń gun kẹ̀kẹ́ kọjá ní Sátidé, tí mo sì ń san owó kí a tó gbà mí láàyè láti ṣe bẹ́ẹ̀. Adágún ìlúwẹ̀ẹ́ tí mo ti ń kọ́ bí a ti ń mí pàápàá, òfin ọdún 1953 tí ó ya ibi ìgbádùn aláwọ̀ funfun sọ́tọ̀ kúrò lọ́dọ̀ aláwọ̀ dúdú kò fọwọ́ sí i kí irú mi wọ inú rẹ̀, a kò sì fa òfin náà ya títí di ọdún 1990. Ní Orlando, ní Soweto, àlùfáà Trevor Huddleston ní láti wá owó kiri kí àwọn ọmọ ibẹ̀ tó rí adágún kan lúwẹ̀ẹ́. Bí ọ̀rọ̀ bá rí báyìí, ẹni tí ó bá wá ń fi àárẹ̀ ṣe fàájì ní irú ìlú bẹ́ẹ̀, ṣé kò fi ìyà àwọn ẹlòmíràn ṣeré?

Mo gbà pé ẹ̀sùn yìí lágbára. Èmi ì bá sì gbà pé ó borí, bí kì í bá ṣe ti àwọn ènìyàn kan tí ẹ̀gún ti gún tó, tí wọ́n sì tún mọ̀ọ́mọ̀ wá òmíràn tẹ̀. Ìdíje Comrades, tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 90 kìlómítà láàárín Durban àti Pietermaritzburg, bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1921 láti fi ṣe ìrántí àwọn ọmọ ogun, ṣùgbọ́n ọdún 1975 ni a tó gba àwọn aláwọ̀ dúdú àti àwọn obìnrin wọlé lábẹ́ òfin. Síbẹ̀ ní ọdún 1935, ogójì ọdún ṣáájú, Robert Mtshali, aláwọ̀ dúdú, ti sá a dé òpin láìjẹ́ pé wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé. Ta ni ó ń lé Mtshali? Kò sí ẹnikẹ́ni. Kí ni ó sì ń lé, nígbà tí ó mọ̀ pé àmì-ẹ̀yẹ kì í ṣe tirẹ̀?

Nelson Mandela ni mo rò pé ó fún wa ní ìdáhùn, ìwà rẹ̀ ni ó sì fi dáhùn ju ẹnu lọ. Ní Orlando, kí a tó mú un, ó ń kan ẹ̀ṣẹ́, ó sì ń sáré ní òwúrọ̀. Nígbà tí wọ́n gbé e lọ sí ẹ̀wọ̀n ní Robben Island ní ọdún 1964, ìjọba gba gbogbo ọjọ́ rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀: àwọn ni ó sọ ìgbà tí yóò jí, ohun tí yóò jẹ, lẹ́tà tí yóò kà, àti ihò òkúta ẹfun tí yóò ti máa fi dígà wa ilẹ̀ títí oòrùn yóò fi ba ojú rẹ̀ jẹ́. Ènìyàn yóò rò pé ara tí a ti fi iṣẹ́ tipátipá lò tó bẹ́ẹ̀ kò ní fẹ́ ju oorun lọ. Ṣùgbọ́n ní òwúrọ̀, nínú yàrá tí kò gbà ju ìṣísẹ̀ mélòó kan lọ, Mandela a dìde, a sì máa sáré lójú kan, a máa fi ọwọ́ ti ilẹ̀, títí òógùn yóò fi bò ó. Nígbà tí wọ́n sì gbé e lọ sí ẹ̀wọ̀n Pollsmoor, tí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jọ ń sùn sí yàrá kan, kò jáwọ́ nínú àṣà náà, bí kò tilẹ̀ dùn mọ́ àwọn tí ó fẹ́ sùn nínú.

Ìnira tí a fi tipá gbé ka ènìyàn lórí ń sọ fún un lójoojúmọ́ pé ara rẹ̀ kì í ṣe tirẹ̀, pé ẹlòmíràn ni ó ni ín tí ó sì lè lò ó bí ó ti wù ú. Ìnira tí òun fúnra rẹ̀ yàn ń sọ̀rọ̀ padà sí ti àkọ́kọ́. Ihò òkúta ẹfun àti eré òwúrọ̀ jọ ń fa òógùn kan náà, wọ́n jọ ń fa ìrora egungun kan náà, síbẹ̀ ẹrú ni ọ̀kan ń fi Mandela ṣe, èkejì sì ń fi hàn pé ọmọlúwàbí ni. Ohun tí Mtshali ń lé nìyẹn, mo sì gbà pé ohun tí ó ń jí ọ̀pọ̀ àwọn tí mo ń bá pàdé ní ìdájí nìyẹn pẹ̀lú, àwọn nọ́ọ̀sì, àwọn awakọ̀, àwọn ẹ̀ṣọ́, àwọn akọ̀wé tí ọ̀gá ń lò láti aago mẹ́jọ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú.

Ṣùgbọ́n ẹlẹ́sìn kò lè dúró síbẹ̀, nítorí pé bí ara mi kì í bá ṣe ti ọ̀gá mi, kò sì tíì di tèmi pátápátá. Ọbàtálá ni ó mọ ọ́n, Elédùmarè ni ó fi èémí sí i; a yá mi ni, èmi yóò sì dá a padà. Nígbà tí Pọ́ọ̀lù kọ̀wé sí àwọn ará Kọ́ríńtì, tí wọ́n ń wo eré ìje ní ẹ̀gbẹ́ ìlú wọn, ó lo àwọn asáré gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ ìkóra-ẹni-níjàánu, ṣùgbọ́n nínú lẹ́tà kan náà ni ó ti sọ fún wọn pé ara jẹ́ tẹ́ńpìlì tí kì í ṣe tiwọn. Àwọn Mùsùlùmí sì mọ ìtàn Abdullahi ọmọ Amru, tí ó ń gbààwẹ̀ lójoojúmọ́, tí ó sì ń kírun mọ́jú, tí Òjíṣẹ́ Ọlọ́run pè é, tí ó rán an létí pé ara rẹ̀ ní ẹ̀tọ́ lórí rẹ̀. Ààwẹ̀ ni ìnira àfọwọ́fà tí ẹ̀sìn méjèèjì mọ̀ jù lọ, ẹ̀sìn méjèèjì sì fi ààlà sí i. Nítorí náà, ọ̀gbẹ̀rì tí orúnkún rẹ̀ ti wú, tí ó sì ń sáré lé e nítorí kí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ má baà yọ ṣùtì sí i, ti kúrò lójú ọ̀nà tí Mandela rìn, ó ti fi ìdíje rọ́pò ọ̀gá burúkú. Èmi a máa sinmi nígbà tí ara bá ní kí n sinmi, n kò sì ka ìsinmi náà sí ohun tí ó yàtọ̀ sí ìmúra.

Ọ̀rọ̀ kan kù tí ó ń fa àríyànjiyàn nínú ìjọ wa níhìn-ín ní Johannesburg, èyí tí í ṣe pé ọjọ́ Àìkú ni púpọ̀ nínú àwọn ìdíje wọ̀nyí ń bọ́ sí. Alàgbà kan sọ fún mi pé ẹni tí ó bá wà nínú omi nígbà tí a ń kọrin ìyìn ti pààrọ̀ Ọlọ́run. N kò fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú un, nítorí pé ní ọdún 1924 ní Paris, Eric Liddell kọ̀ láti sá eré 100 mítà nítorí pé ọjọ́ Ìsinmi ni a fi àwọn ìpele rẹ̀ sí, gbogbo ayé sì ń fi ọ̀wọ̀ rántí rẹ̀ títí di òní. Ìpinnu tèmi ni pé ìmúra kò gbọdọ̀ gba ọjọ́ Àìkú kankan, àti pé ọjọ́ ìdíje nìkan, bí ó bá bọ́ sí i, ni èmi yóò fi ìsìn alẹ́ rọ́pò ti òwúrọ̀. Alàgbà náà kò tíì gbà. A ṣì ń sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀.

Ohun tí a ti fohùn ṣọ̀kan lé lórí ni ti àwọn ọmọ. Púpọ̀ nínú àwọn òbí wa ni wọ́n dàgbà sí etí ọ̀sà tàbí etí odò nílé, tí wọ́n sì gbọ́ ìròyìn ẹni tí omi gbé lọ ju bí wọ́n ti gbọ́ ti ẹni tí a kọ́ ní ìlúwẹ̀ẹ́ lọ. Àwọn ọmọ tí wọ́n bí síhìn-ín sì wà láàárín àwọn ènìyàn tí òfin lé kúrò létí omi fún ìran méjì, tí ẹ̀rù náà ti di ogún ìdílé. Mo bẹ ìjọ pé, bí àwọn adágún ìjọba bá ti ṣí ní oṣù Kẹsàn-án, kí a máa kó àwọn ọmọ lọ ní Sátidé, kí a san owó olùkọ́ láti inú àpò ìjọ, kí a sì bẹ̀rẹ̀ láti orí bí a ti ń mí. Alàgbà tí kò gbà ti ọjọ́ Àìkú ni ó kọ́kọ́ yọ owó sílẹ̀. Bí a ti ń kọ orúkọ àwọn ọmọ, Ìyá Ìjọ ní kí a kọ ti àwọn náà mọ́ ọn, nítorí pé láti ìgbà tí a ti bí wọn ní Ìkòròdú, wọn kò tíì wọ omi tí ó ju orúnkún lọ.